Iṣu Tí Adájọ́ Ò Gbà

Kòkúmọ́ ọlọ́kadà ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan kékeré. Tó bá rí alángbá lójú ọ̀nà, kó tó délé, alángbá ti di ọ̀nì. Tí òjò bá ṣe wínníwínní lù ú lọ́nà Ìfọ́nyìntẹ̀dó, tẹ́ ẹ bá máa fi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀ ní Ìlaròó, odò ló gbé òun àti ọ̀kadà lọ, ẹja ló ti àwọn méjèèjì jáde. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀kadà kún gáréèjì bí eéṣú, àmọ́ èrò á fo gbogbo wọn kọjá, wọ́n á lọ gun tiẹ̀, torí bó ṣe ń gbé wọn lọ ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀ débi pé ilé ẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti rántí pé ọjà lòun ń lọ.

Màmá Àpèkẹ́, ìyá tó bí ìyá ẹ̀, ló gbádùn ẹnu yẹn jù. Ojú Màmá ti ń ṣú. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji, àmọ́ kò lè fi ojú mọ ewé ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ewé ilá mọ́. Kòkúmọ́ ló wá di ojú ẹ̀. Tí wọ́n bá jọ lọ sóko, tí Kòkúmọ́ bá fa ẹ̀gẹ́ kan tu, Màmá á ní:

"Ṣé ó ta?"

"Ó ta kẹ̀, Màmá! Itan ọlọ́pàá ni!"

Màmá á rẹ́rìn-ín títí, á ní kó dì í. Kò kàn án wò rí.

Nígbà tí wọ́n wá ti bọ́dà, ẹ̀rín wọ́n bí epo bẹtiróòlù. Ìjọba ní epo ò gbọdọ̀ wọ ìlú tó bá ti súnmọ́ bọ́dà mọ́, káwọn kan má baà máa gbé e kọjá lọ tà. Ọlọ́kadà tó bá rí epo inú ike rà, bí ẹni gbé ọmọ tuntun ló ṣe ń gbé e. Ìrẹsì di ọba, ó ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gba ojú títì kó o wọlé tẹ́lẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà inú igbó.

Ọ̀nà inú igbó yẹn ló bá wọn débi oko Màmá. Oko ẹ̀gẹ́ ni, lẹ́yìn Ìfọ́nyìntẹ̀dó, ó lọ títí ó fi kan odò kékeré kan. Tó o bá ti la odò yẹn kọjá, o ti bọ́ sílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, bọ̀njúù lo máa fi kí èèyàn. Kó tó dìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó fojú kejì wo ibẹ̀. Bí bọ́dà ṣe tì báyìí, Ọ̀gá Bàrúwà yọjú. Ọ̀gá Bàrúwà yìí, ikùn ẹ̀ máa ń ṣáájú ẹ̀ wọlé, ikùn á ti jókòó, á ti mumi, kí ojú ẹ̀ tó yọ lẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ni àwọn ọ̀kadà tó ń gbé ìrẹsì. Ó ní bàbá òun ti ra ilẹ̀ yẹn lọ́wọ́ ọkọ Màmá, kí ọkọ Màmá tó kú. Kò sẹ́ni tó wà láyé tó rí wọn níbi tí wọ́n ti rà á. Àwọn ọmọ ẹ̀ sáà kó àdá wá, wọ́n la oko ẹ̀gẹ́ sí méjì gbalaja bí ẹni la ẹja, ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín ẹ̀ kọjá.

Màmá gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù ìbílẹ̀.

Kóòtù yẹn náà nítàn. Adájọ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ẹni ń ta ẹja lọ́jọ́ ọjà ló ṣe ń dájọ́: ẹni tówó ẹ̀ bá ga jù ló ń gbé e lọ. Ìlú pariwo, ìlú sunkún, ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ tó ń bi àwọn adájọ́ léèrè ọ̀rọ̀ wá yọ ọ́ nípò, Kòkúmọ́ tẹ fèrè ọ̀kadà yí ìlú po títí bátìrì fi kú. Ẹni tí wọ́n wá fi rọ́pò ẹ̀ ni Ìyáàfin Ìdùnnúolúwa Ògúnníyì. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ìyá adájọ́ ni gbogbo ìlú ń pè é. Tó bá jókòó sórí àga gíga yẹn, jíǹgí ojú ẹ̀ nìkan lẹ máa rí. Àmọ́ tó bá lanu báyìí, kódà eṣinṣin tó wà ní kóòtù á wá ibi bà sí.

Ó gbọ́ tẹnu Màmá, ó gbọ́ tẹnu Bàrúwà, ó ní òun máa dájọ́ tí ọdún bá yí. Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, ó pàṣẹ: ọ̀kadà ò gbọdọ̀ gba oko yẹn kọjá, ẹsẹ̀ èèyàn ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá, àfi Màmá tó ń lọ roko. Ẹni tó bá rú u, ẹ̀wọ̀n. Òógùn tí Ọ̀gá Bàrúwà là ní kóòtù lọ́jọ́ yẹn, èèyàn lè fi fọ aṣọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí Màmá fi pe Kòkúmọ́.

"Di iṣu tó wà lẹ́yìn ilé yẹn. Mú kẹ́ẹ̀gì epo pupa mọ́ ọn. Gbé e lọ fún ìyá adájọ́."

"Màmá, ẹjọ́ ò mà tíì tán o."

"Mo ní kó o lọ bẹ̀ ẹ́ ni? Mo ní kó o lọ dúpẹ́ ni. Ó lé kìnnìún kúrò lóko mi, kí n wá jókòó sílé máa wò?"

"Màmá, wọ́n lè ní..."

"Kí ni wọ́n máa ní? Ìgbà tí nọ́ọ̀sì gbẹ̀bí ìyá ẹ, ṣé mo lọ dúpẹ́ àbí mi ò lọ? Ìgbà tí ọlọ́pàá bá wa rí ewúrẹ́, ta ló gbé àgbàdo lọ fún un? Nílé yìí, wọn ò ṣe wá lóore kí oòrùn gòkè bá wa ká má tíì lọ kí wọn. Ọwọ́ òfìfo ò sì bá wa dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan rí. Gbéra, jàre."

Bó ṣe rí nílé wọn nìyẹn látọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Kòkúmọ́ di iṣu sẹ́yìn ọ̀kadà. Ilẹ̀ ti mọ́ kedere o, kò fi nǹkan bò ó, ó ń tẹ fèrè. Ta ló ń jí nǹkan gbé? Ìdúpẹ́ ló ń lọ.

Ìyá adájọ́ fúnra ẹ̀ ló ṣí géètì. Ó ró ìró, ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Kòkúmọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà ilẹ̀ já.

"Ìwọ ta ni?"

"Ọmọ ọmọ Màmá Àpèkẹ́ ni mí, mà. Màmá ní ká wá dúpẹ́ àná, mà."

Ìyá adájọ́ wo iṣu, ó wo epo, ó wo ojú ọ̀nà lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì.

"Gbé e padà."

"Mà, iṣu lásán ni, mà. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

"Adájọ́ tí ẹjọ́ yín wà níwájú ẹ̀ ni mí. Kò sí iṣu tó máa jẹ́ iṣu lásán lẹ́nu géètì mi. Gbé e padà kíá, má sì jẹ́ kí n tún rí ẹ níbí. Bá mi kí Màmá. Sọ fún wọn pé mi ò bínú."

Géètì tì. Kòkúmọ́ àti iṣu bá ń wo ara wọn.

Ẹ gbọ́, ibi tó ti wọ́ nìyẹn. Báwo ló ṣe máa gbé iṣu yẹn padà fún Màmá? Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá dá ẹ̀bùn ìdúpẹ́ padà, ó ti sọ pé òun ò fẹ́ rí ẹ mọ́ láyé. Màmá á sùn sórí ọ̀rọ̀ yẹn, kò ní jí. Kòkúmọ́ kọjú ọ̀kadà sí ṣọ́ọ̀bù Ṣàíbù mẹkáníìkì, ó ní káwọn sun iṣu jẹ. Wọ́n dáná, wọ́n sun iṣu, wọ́n ń fi epo pupa jẹ ẹ́. Alfred, ọmọ tó ń wa ọ̀kadà fún Ọ̀gá Bàrúwà, wà níbẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun wo ṣéènì. Fóònù ẹ̀ wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Kòkúmọ́, iṣu ibo rèé?" Ṣàíbù ló bi í.

"Iṣu tá a gbé lọ fún ìyá adájọ́ ni."

"Irọ́!" Alfred ló dá a lóhùn, ó ń nu ọwọ́ tó ní òróró. "Ìyá yẹn? Kò ní jẹ́ kí irú ẹ dé géètì. Ó lé ẹ ni, àbí? Wò ó lójú, Ṣàíbù! Wọ́n lé e bí ajá!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Kò sóhun tí Kòkúmọ́ ò lè fara dà, àfi kí wọ́n máa fi òun rẹ́rìn-ín lórí ìtàn tí kì í ṣe òun ló sọ ọ́.

"Ta ni wọ́n lé? Èmi Kòkúmọ́? Ọwọ́ méjèèjì ni ìyá adájọ́ fi gba iṣu! Ó kúnlẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kúnlẹ̀! Ó ní, 'Kòkúmọ́ ọmọ mi, wọlé, jókòó.' Ó gbé mọ́ọ̀tì tútù fún mi. Ó rí i pé iṣu pọ̀ jù, ló bá ní kí n mú díẹ̀ bọ̀, òun lẹ ń jẹ yìí. Ó ní kí Màmá fọkàn balẹ̀, ìdájọ́ ti wà nínú báàgì òun, Bàrúwà á sunkún délé!"

"Óò!" Alfred ní. "Nínú báàgì?"

"Báàgì pupa!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ iṣu tán. Alfred mú fóònù ẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó lọ. Nígbà tí Kòkúmọ́ délé, ó sọ fún Màmá pé ìyá adájọ́ dúpẹ́ púpọ̀, ó ní iṣu yẹn dára.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ọ̀rọ̀ kan tàn ká ìlú. Ọ̀gá Bàrúwà ti fẹ̀sùn kan ìyá adájọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ní Abẹ́òkúta, pé ó gba rìbá. Ohùn ẹni tó fún un ní rìbá wà nínú fóònù, ohùn yẹn ń dún ketekete. Wọ́n ní kí ìyá adájọ́ lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi wádìí ẹ̀ tán. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kóòtù. Nígbà tí Kòkúmọ́ fa Màmá lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, pé àwọn ọ̀kadà ti tún ń gba oko kọjá, akọ̀wé ń jẹ ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, kò sí adájọ́."

"Àṣẹ tí wọ́n pa ńkọ́?"

"Àṣẹ wà, Màmá. Ẹni tẹ́ ẹ máa fẹjọ́ ẹni tó rú u sùn ni kò sí."

Kòkúmọ́ ò lè gbé ojú sókè. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kò lè jẹun, ẹni tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbé òkìtì ẹ̀bà síwájú ẹ̀, á bi wọ́n pé èyí tó kù dà. Ó ní òun máa lọ sí Abẹ́òkúta lọ sọ òtítọ́. Òtítọ́ á yanjú gbogbo ẹ̀. Ó fọ aṣọ ẹ̀, ó toro epo lọ́dọ̀ gbogbo ọlọ́kadà tó mọ̀, ife kan níbí, ìdajì ife lọ́hùn-ún. Ó bẹ Ṣàíbù kó tẹ̀ lé òun lọ jẹ́rìí pé iṣu yẹn ò kù sọ́dọ̀ adájọ́, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti jẹ ẹ́.

"Kòkúmọ́, mo jẹ iṣu," Ṣàíbù ní. "Mi ò bi iṣu pé ibo ló ti ń bọ̀. Ọ̀kadà Ọ̀gá Bàrúwà ni mo fi ń jẹun nígbà tí iṣu bá tán. Dákun, ọ̀rẹ́ mi."

Yàrá tí ìgbìmọ̀ wà fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Bàbá Ọmọ́délé, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó sáàárín, irun ẹ̀ funfun báláú. Ìyá kan tó ń kọ nǹkan jókòó sápá ọ̀tún ẹ̀. Ìyá adájọ́ jókòó lápá kan, ó ká ọwọ́ sórí itan bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Bàrúwà àti ikùn ẹ̀ wà lápá kejì.

Kòkúmọ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Láyé ẹ̀, kò tíì sọ̀rọ̀ kankan tó kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé iṣu lọ, wọ́n ní kó gbé e padà, ó gbé e padà.

Bàbá Ọmọ́délé ní kí wọ́n tan fóònù. Ló bá di ohùn Kòkúmọ́ nínú yàrá ńlá yẹn, ẹ̀rín, ariwo ṣọ́ọ̀bù, "Ọwọ́ méjèèjì ni ìyá adájọ́ fi gba iṣu!" Nígbà tó dé orí báàgì pupa, ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó yára fi ikọ́ bò ó.

"Ohùn ta nìyẹn, ọmọ mi?"

"Ohùn mi ni, sà."

"Ìwọ tó wà nínú fóònù, ìwọ tó dúró síbí. Èwo ló ń parọ́?"

"Èyí tó wà nínú fóònù ni, sà."

"Báwo la ṣe máa mọ̀?"

"Ẹ bi gbogbo Ìlaròó, sà! Ẹ bi gáréèjì! Kò sẹ́ni tí ò mọ̀ pé òpùrọ́ ni mí!"

Ìyá tó ń kọ nǹkan gbé ojú sókè. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Òpùrọ́ wá láti Ìlaròó wá bá wa sọ pé òun ò parọ́ lónìí."

Kòkúmọ́ lọ jókòó. Ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ títí tí ọ̀rọ̀ fi ń bẹ̀ ẹ́.

Wọ́n bi ìyá adájọ́ pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnì kankan pé ẹni tó ní ẹjọ́ níwájú òun gbé nǹkan wá bá òun nílé. Ó ní òun rò pé bóun ṣe lé e lọ ti tó. Bàbá Ọmọ́délé mí kanlẹ̀.

"Kò tó, Ìyáàfin. Ìwọ náà mọ̀ pé kò tó. Tá a bá fi ẹnu ọmọ yìí dá ẹ sílẹ̀ lónìí, ìlú á ní adájọ́ ló ń gbèjà adájọ́. Àwọn kan náà tó sunkún wá bá wa nítorí ẹni tó ṣáájú ẹ. Tá a bá sì fi ìtàn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì yọ ẹ́, ẹni tó bá ti rí i pé òun máa jẹ̀bi á kàn lọ wá ẹlẹ́nu kan àti fóònù kan. Adájọ́ wo ló máa wá dájọ́ tí ò ní máa wo ẹ̀yìn?" Ó bọ́ jíǹgí ojú ẹ̀. "A máa wádìí sí i. Ẹ máa lọ. A máa ránṣẹ́ pè yín."

"Ìgbà wo, sà?" Kòkúmọ́ ló bi í.

Wọ́n ti ń pe ẹjọ́ tó kàn.

Níta, ìyá adájọ́ dúró sábẹ́ igi, ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì ẹ̀. Báàgì dúdú ni. Kòkúmọ́ dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

"Èmi ni mo bà yín jẹ́, mà."

"Dìde. Aṣọ ẹ á dọ̀tí."

"Ẹ bú mi, mà. Ẹ gbá mi létí. Ẹ ṣe nǹkan sí mi."

"Kí n gbá ẹ létí, kí ẹnì kan tún gbé fóònù jáde?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí ẹ̀rín yẹn rín. "Nígbà tí ẹni tó ṣáájú mi ń ṣe tiẹ̀, èmi wà lára àwọn tó ní kí ìgbìmọ̀ yìí máa bi adájọ́ léèrè. Mi ò lè wá ní kí wọ́n má bi èmi. Wọ́n á sáà pẹ́ ni. Màmá ńkọ́? Ẹ̀gẹ́ wọn ńkọ́?"

Kòkúmọ́ dìde, ó ń gbọn eruku aṣọ ẹ̀ nù. Ìyá adájọ́ rí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, ó wọnú ọkọ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Kòkúmọ́ àti Màmá jọ wà lóko. Ọ̀nà tí Bàrúwà là ti fẹ̀, tírélà lè yí po níbẹ̀ kó má kan ewé. Ọ̀kadà ń kọjá, ìrẹsì lẹ́yìn ẹ̀ ga ju ilé lọ. Màmá ní kí wọ́n yáa máa tu ẹ̀gẹ́ tó kù, kí táyà má baà fọ́ ọ sínú ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gbó.

"Kí ni wọ́n sọ ní Abẹ́òkúta?"

Ó sọ fún un. Ó sọ ti géètì, ó sọ ti ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ti fóònù. Màmá di ẹ̀ka ẹ̀gẹ́ kan mú.

"Ìyá adájọ́ ní kó o gbé iṣu mi padà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn ò bínú."

"Ìwọ wá sọ fún mi pé ó ní iṣu náà dára."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Tóò."

Alfred gbé ìrẹsì kọjá, ó tẹ fèrè. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o! Kòkúmọ́ báàgì pupa!" Eruku bò wọ́n.

Kòkúmọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ẹ̀gẹ́ tó wà níwájú ẹ̀ tu. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ nù.

"Ṣé ó ta?"

"Kò ta, Màmá. Bí ìka ọwọ́ ló rí."

Màmá ò rẹ́rìn-ín, kò ní kó dì í. Ó na ọwọ́ sí i nínú eruku yẹn, ó ń wá ẹ̀gẹ́ náà, títí ó fi bà á. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ìdí dé orí. Ìgbà yẹn ló tó gba ọ̀rọ̀ Kòkúmọ́ gbọ́.